Àwo Alábà àti Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ni Ó Ni Ohun Tí A Rà?

Ẹni tí ó ra ewúrẹ́ lọ́jà ni ó ni ewúrẹ́. Ó lè sìn ín, ó lè tà á, ó sì lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo àwo orin, fíìmù àti géèmù tí wọ́n ń rà ní ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, ọjà tí kò jìnnà sí Ìbà àti Òkòkómáíkò.

Lẹ́yìn tí fíìmù Living in Bondage jáde ní 1992, fídíò ilé gbilẹ̀, Alábà sì di ojúkò pàtàkì tí a ti ń pín in káàkiri. Ṣùgbọ́n ọjà tí ó gbé iṣẹ́ òṣèré dé ọ̀nà jíjìn náà ni a ti ń ṣe àdàkọ rẹ̀ láìgbàṣẹ. Géèmù kò gbẹ́yìn. Ní ayé PlayStation 2, tí ó jáde ní 2000, àdàkọ kì í sábà ṣiṣẹ́ àfi bí oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá fi ṣíìpù tan títì inú rẹ̀ jẹ.

Ìjọba kò káwọ́ gbera. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ jáde ní 1988. Òfin tuntun ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, ka jíjá irú títì bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, láti 2003 tí Steam ti bẹ̀rẹ̀, ọjà ti ṣí lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀, àṣẹ lílò ni oníbàárà ń rà; géèmù fúnra rẹ̀ kò di tirẹ̀. Ní 2024, Ubisoft pa ẹ̀rọ tí ó ń gbé The Crew ró. Géèmù náà kú mọ́ gbogbo ẹni tí ó rà á lọ́wọ́, títí kan àwọn tí àwo rẹ̀ wà nílé wọn. Lọ́dún náà ni ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí ilé ìtajà sọ ọ́ kedere bí ó bá jẹ́ àṣẹ lílò ni wọ́n ń tà.

Ní Alábà, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ni ó pàdánù. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó sanwó ni. Òfin tí ó bá dáàbò bo ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.