Òkúta 16,200 Tí Wọ́n Tú Palẹ̀

Ilé kan wà ní Washington, D.C., lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí igun ògiri rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Mi ò sọ àsọdùn o. Igun yẹn ò ju dígírì 19 lọ. Àwọn tó bá dé ibẹ̀ kì í lè ṣe kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, débi pé ọwọ́ wọn ti sọ ojú òkúta náà di dúdú.

Ilé Ìlà-Oòrùn ti National Gallery of Art ni. I. M. Pei ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1978. Owó Andrew Mellon ni wọ́n fi kọ́ ilé àkọ́kọ́ tó ṣí ní 1941, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Paul àti Ailsa, ló sì dìde sí ọ̀rọ̀ ìkejì. Kí ilé méjèèjì lè jọ ọmọ ìyá kan náà, irú òkúta mábù pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ti àkọ́kọ́ ni wọ́n tún lọ wà ní ìpínlẹ̀ Tennessee.

Àmọ́ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ nìyí. Òkúta ilé àtijọ́ gun orí ara wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń gbé tòkè. Ní ti Pei, aṣọ lásán ni mábù náà jẹ́. Òkúta pẹlẹbẹ bí 16,200 ni wọ́n fi irin kọ́ mọ́ ògiri tó wà lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ó gùn ní 5, ó nípọn ní íǹṣì 3. Ìwọ̀n rẹ̀ lé ní 400 pọ́n-ùn. Ẹ gbé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin léra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ náà.

Òkúta máa ń fẹ̀ tí oòrùn bá mú, ó sì máa ń súnkì nígbà òtútù. Ohun tí àwọn kọ́lékọ́lé sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi àlàfo gbọọrọ sílẹ̀ láàárín ògiri kí òkúta lè rí ibi nà sí. Irú ilà bẹ́ẹ̀ ò wu Pei àtàwọn èèyàn ẹ̀ lára ògiri wọn tó lọ gbọrọrọ. Wọ́n bá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín òkúta kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn lè pín ìnira náà ní díẹ̀díẹ̀. Àlàfo kọ̀ọ̀kan ò ju ìdá mẹ́jọ íǹṣì kan lọ. Èmi tí mò ń kọ sọ́fítíwià jẹun, orí mi wú nígbà tí mo kà á. Ọgbọ́n gidi ni. Ó kàn jẹ́ pé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ò fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe.

Ní 2005, wọ́n rí i pé àwọn òkúta kan ti ń fì síta. Rọ́bà ò gba ìfẹ̀ òkúta mọ́ bó ṣe yẹ, ni ìnira bá bọ́ sórí àwọn irin tó so wọ́n mọ́ ògiri. Ẹ rántí pé àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá nísàlẹ̀ ibẹ̀ o! Ní 2008, wọ́n pinnu pé àbùlẹ̀ ò lè tó, àfi kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Iye rẹ̀? Bíi mílíọ̀nù 85 dọ́là. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 94 ni wọ́n ná láti kọ́ odindi ilé náà tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́, dọ́là ìgbà yẹn kì í ṣe dọ́là ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n aṣọ nìkan la ń sọ yìí. Owó ìjọba sì ni, tí àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí.

Àwọn kan lè ní kí wọ́n kúkú ra òkúta tuntun. Ẹ wo Finlandia Hall tí Alvar Aalto kọ́ sí Helsinki. Mábù Carrara láti Ítálì ni wọ́n fi bo ara rẹ̀, ó sì ká kò bí ewé gbígbẹ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 2000 pé, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú mábù Carrara mìíràn. Èyí náà tún ká kò! Níbẹ̀, òkúta fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ní Washington, ara òkúta le koko. Ohun tó so ó mọ́ ògiri ló ti rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé wọ́n ṣe dáadáa bí wọ́n ṣe dá òkúta kan náà padà.

Láti 2011 ni wọ́n ti ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀, tí wọ́n ń fi irin tí kì í dípẹtà kọ́ wọn padà, tí sílíkóònù sì gba ipò rọ́bà. Ó gbà wọ́n lọ́dún mélòó kan. Tẹ́ ẹ bá wo ògiri náà báyìí, ẹ ò lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án rí.

Wọ́n tún inú ilé náà ṣe bákan náà, ó sì ṣí padà ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án, 2016. Yàrá tuntun wà níbẹ̀, àyè ìgbafẹ́ sì wà lórí òrùlé níbi tí àkùkọ ńlá kan tó jẹ́ búlúù tònítòní dúró sí, iṣẹ́ ọwọ́ Katharina Fritsch, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Àkùkọ yẹn ni gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò.