Ìròyìn Aládàáni ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976, Àkúrẹ́ di olú-ìlú, ìròyìn náà sì di ti olú-ìlú. Ìjọba ló ni rédíò àti tẹlifíṣọ̀n OSRC, òun náà ló ni Owena Press tó ń tẹ ìwé ìròyìn The Hope. Àwọn aṣojú ìwé ìròyìn Èkó àti Ìbàdàn ń bẹ lóòótọ́, àmọ́ Alágbàká ni ojú wọn máa ń wà, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà. Ìlú Oǹdó, bó ṣe tóbi tó yẹn, ó di ìgbà tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó rántí rẹ̀.

Oṣù kẹjọ 1983 fi ewu irú ètò bẹ́ẹ̀ hàn. FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà, kéde pé Akin Ọmọbóríowó ló borí Gómìnà Adékúnlé Ajásin nínú ìdìbò gómìnà. Àwọn ará ìlú mọ ẹni tí wọ́n dìbò fún, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tí wọ́n lè fi wé ohun tí rédíò sọ. Wọ́n dáná sun ilé, ẹ̀mí ṣòfò, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Ajásin.

Rédíò aládàáni dé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹni tó fúnni ní láìsẹ́ǹsì lè gbà á padà. Ní 2009, nígbà rògbòdìyàn àtúndì ìbò Èkìtì, NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ti rédíò aládàáni Adaba FM pa fún ìgbà kan. Ìkànnì ìròyìn kò nílò irú láìsẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀. Ọmọ Kìríbó ní Ẹ̀sẹ̀-Odò, Ọmọ́yẹlé Ṣówọ̀rẹ́, ti rí èyí ní 2006 tó fi dá Sahara Reporters sílẹ̀ ní New York. Àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ nílé kò ní New York kankan láti sá sí. Ẹni kan tàbí méjì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, fóònù àti dátà ni gbogbo irinṣẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ iye ni wọ́n ti wúlò jù, lójú tèmi. Nígbà tí àwọn apànìyàn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, ilé ìròyìn òkèèrè ń sọ pé òkú lé ní 50, NEMA, àjọ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, ní 22, Gómìnà Akérédolú wá kéde 40. Ẹni tó wà nítòsí, tó lè lọ sí ilé ìwòsàn, kó sì bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀, ló lè tú irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbò. Láti ìdìbò gómìnà Oǹdó ní 2020 ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, ti ń gbé èsì ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan sórí ìkànnì IReV. Ní ìdìbò gómìnà 2024, ibùdó 3,933 ló wà ní wọ́ọ̀dù 203 ìpínlẹ̀ náà. Akọ̀ròyìn Oǹdó lè ya fọ́tò èsì ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, kó fi wé ti INEC.

Owó ló kù. Ìpolówó tó ń wọlé, ti ìjọba ni tàbí ti olóṣèlú, ẹni tó sì sanwó ìkíni ọjọ́ ìbí kì í fẹ́ ka ìròyìn ọ̀nà tí kò parí. “Owó ọkọ̀” tí wọ́n ń pín níbi ìpàdé oníròyìn, mi ò ní fẹ́ sọ ọ́ púpọ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 tún wà níbẹ̀. Abala 24 rẹ̀ ti sọ akọ̀ròyìn sí àtìmọ́lé rí, kí wọ́n tó tún un ṣe ní 2024.

Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 ni wọ́n lè gbára lé, ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ máa ń jiyàn pé kò kan àwọn. Nígbà tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Martins Alo béèrè ìwé àyẹ̀wò owó Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọn kò fún un, ilé ẹjọ́ gíga kò sì dá a láre. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Àkúrẹ́ ló yí ìdájọ́ náà padà ní 2018. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2025, nínú ẹjọ́ mìíràn tó wá láti Ẹdó, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Akọ̀ròyìn Oǹdó lè kọ̀wé báyìí, kó béèrè bí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ṣe ná owó. Ọjọ́ méje ni òfin fi sílẹ̀ fún èsì.