Ohun Tí ‘Orígínà’ Ń Jẹ́ Lára Ọkọ̀ Ìjàpá

Ìjàpá ni Yorùbá sọ ọkọ̀ Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rìbìtì. Ẹ̀yìn náà ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà. Kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú. Ilé-iṣẹ́ Mandilas àti Karaberis ni ó ń kó o wọ Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ní Ìkẹjà lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí ní Ọ̀gbà ní 1962. Ní agbègbè yìí títí dé Agége, Ìjàpá wà lára ọkọ̀ tí ọwọ́ akọ̀wé àti fóòmánù lè tó.

Ẹ̀yà ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní orígínà nígbà náà kò ní àríyànjiyàn nínú. Ó ní àmì VW lára, ó sì ní nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́sàn-án. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Bí ìkẹrin bá jẹ́ 1, ti ẹ́ńjìnì ni. Kì í ṣe Volkswagen ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀: kabúrétọ̀ lè jẹ́ ti Solex, disitíríbútọ̀ ti Bosch, písítìnì ti Mahle.

Lórí disitíríbútọ̀ yìí, tí ó ń pín iná fún sìlíńdà, ni ọ̀rọ̀ ojúlówó ti le jù. Sìlíńdà mẹ́rin ni Ìjàpá ní, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Inú àpótí páànù tí fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn sí ni kúlà ọ́ìlì dúró sí, ó sì ń dí atẹ́gùn tí ó yẹ kí ó kan sìlíńdà kẹta lọ́nà. Ìkẹta wá ń gbóná ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe ọ̀pọ̀ disitíríbútọ̀ ìgbà náà kí iná ìkẹta máa pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ṣẹ́. Ẹni tí ó bá fi irú mìíràn rọ́pò rẹ̀ kò ní rí àléébù kankan lọ́jọ́ náà. Ó di ẹ̀yìn oṣù mélòó kan kí fáfù tó jó. Ó di ọkọ̀ ọdún 1971 kí wọ́n tó sún kúlà náà kúrò lójú ọ̀nà atẹ́gùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni páànù pẹlẹbẹ tí ó yí ẹ́ńjìnì ká: ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ a yọ ọ́ jù nù bí ẹrù lásán, bẹ́ẹ̀ òun ló ń darí atẹ́gùn. Rọ́bà epo pẹ̀lú kì í ṣe ohun àfojúfò. Bí ó bá sán, tí epo sì kán sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná, iná ni. ‘Catch fire’ wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n ń pe ọkọ̀ náà ní Nàìjíríà.

Ní oṣù kẹta 1975, Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, nígbà tí owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àpò òṣìṣẹ́. Brazil ni púpọ̀ nínú ẹrù ibẹ̀ ti ń wá. Láti Brazil náà ni Brasília ti wá, ọkọ̀ mìíràn tí afẹ́fẹ́ ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀, tí wọ́n sọ ní Igala níbí. Ìjàpá àti ìgalà, ẹranko méjì inú àlọ́, wá di ọmọ ilé kan náà. Bí orígínà ṣe pín sí méjì nìyẹn, ti Jámánì àti ti Brazil, àmì kan náà sì wà lára méjèèjì.

Jámánì dá ṣíṣe Ìjàpá dúró ní 1978. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, SAP, dé ní 1986, náírà wó, ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun sì gbówó lórí. Ohun méjì ló gba ọjà: ‘Táíwàn’, ìyẹn tuntun tí kì í ṣe ojúlówó, àti ‘Bẹ́ljọ́ọ̀mù’, ẹ̀yà tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù ní Yúróòpù. Ní ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, àlòkù wá níyì ju tuntun lọ. Ohun tí ó ti rin ìrìn àjò ọdún púpọ̀ kí ó tó gun ọkọ̀ ojú omi ni òǹtajà ń pè ní orígínà.

Mexico ló ṣe Ìjàpá ìkẹyìn, ní oṣù keje 2003. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ́ńjìnì ojúlówó lónìí yóò kọ́kọ́ wo abẹ́ ìdúró dáínámò, níbi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Lẹ́tà F jẹ́ ti ẹ́ńjìnì 1300 láti 1965, H jẹ́ ti 1500 láti 1966. BF àti BH jẹ́ ti Brazil. Àmọ́ ara ìkòkò ẹ́ńjìnì nìkan ni nọ́ńbà náà wà. Ó di ìgbà tí wọ́n bá tú u kí wọ́n tó mọ ẹni tí ó ṣe písítìnì inú rẹ̀.