Ta Ló Lè Tú Ẹ́ńjìnì Yìí? Ìjàpá, Píjò àti Tòkunbọ̀ ní Àríwá Èkìtì

Bí a bá ń ka ìtàn mọ́tò ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ àwọn tó kó mọ́tò wọ̀lú la sáábà máa ń bá pàdé: W. A. Dawodu ní Èkó, Sàlámì Àgbájé ní Ìbàdàn, àti àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ta lọ́rì fún àwọn oníṣòwò kòkó. Ìtàn àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnì, tí wọ́n sì ń tò ó padà, kò wọ́pọ̀ nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀, àwọn ni kò jẹ́ kí mọ́tò náà kú sójú ọ̀nà. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ lónìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀: ta ló lè tú ẹ́ńjìnì? Nígbàkigbà tí ìdáhùn ìbéèrè yìí bá yí padà, ọ̀rọ̀ mọ́tò máa ń yí padà lọ́nà Ìfàkì sí Ọyẹ́, sí Ìkọ̀lé, títí dé Ọ̀mùò.

Ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá, ẹni tó bá sì ti wọkọ̀ láti Adó lọ sí Ìdó tàbí Ìkọ̀lé kò ní jiyàn. Mọ́tò tó ń fò bí ẹyẹ lórí títì tó tẹ́jú lè máa mí hẹlẹhẹlẹ tó bá kó èrò àti àpò gààrí gun òkè. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará ibòmíràn ń tún ẹ́ńjìnì ṣe kó lè sáré, ohun tí awakọ̀ níhìn-ín ń bá mẹkáníìkì sọ ni pé kó lè fà, kó má gbóná, kó má sì mu epo jù. Iṣẹ́ irin kì í sì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún Oníre, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́ níbí. Awakọ̀ àti mẹkáníìkì tó ń júbà Ògún kó tó di irin mú, ará ilé wa ló ń kí.

Ìjàpá àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin

Lóṣù Kẹta ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Nàìjíríà: ti Peugeot ní Kàdúná, ti Volkswagen ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry. Àsìkò yẹn náà ni owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Tíṣà tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú mọ́tò. Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rùgùdù ni ọ̀pọ̀ wọn rà, ìjàpá sì ni Yorùbá sọ ọ́.

Orúkọ yẹn bá a mu ju ìrísí lọ, nítorí ẹsẹ̀ ìjàpá ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ fi dàgbà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, 1131 cc ni, agbára ẹṣin 25 ló sì ní. Ní 1954, ó di 1192 cc àti agbára ẹṣin 30. Ní 1960, wọ́n gbé e dé 34. Ní 1965, ó di 1285 cc àti 40. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1493 cc àti 44. Nígbà tó fi máa di 1970, ó ti dé 1584 cc àti agbára ẹṣin 50. Ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló fi di ìlọ́po méjì. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ẹ́ńjìnì ń mí bí ènìyàn. Afẹ́fẹ́ ló ń fà wọlé pẹ̀lú epo, iná á ràn án, agbára á sì jáde. Bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé bá ṣe pọ̀ tó ni agbára ṣe máa pọ̀ tó, bí epo bá bá a dọ́gba. Láti 1192 sí 1285 cc, wọn kò fẹ ojú sílíńdà rárá. Ìrìn písítìnì ni wọ́n mú gùn, láti mìlímítà 64 sí 69. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi ìrìn sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n wá ń fẹ ojú sílíńdà: láti 77 sí 83, lẹ́yìn náà sí 85.5. Ní 1970, wọ́n tún la ẹnu ọ̀nà méjì sí orí sílíńdà níbi tí ẹyọ kan ti wà tẹ́lẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ráàyè wọlé.

Àwọn kan kò dúró de ilé-iṣẹ́ náà. Ní Jámánì, láti àwọn ọdún 1950 ni Gerhard Oettinger ti ń ta ohun èlò tó pè ní Okrasa: kábúrétọ̀ méjì dípò ẹyọ kan, àti orí sílíńdà tuntun. Ní California, Joe Vittone àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, EMPI, ń ṣe irú rẹ̀. Ẹ má sì rò pé lórí títì dídán nìkan ni ìjàpá ti ń ṣe bẹbẹ. Ní 1962, ìjàpá ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, lójú ọ̀nà ẹrẹ̀ àti eruku.

Ní Èkìtì, ohun tó jẹ́ kí ìjàpá rọrùn ni pé ọwọ́ ń tó gbogbo ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, ìwúwo rẹ̀ sì tẹ táyà tó ń ti mọ́tò mọ́lẹ̀, kì í tètè yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù, kò sí omi tó máa hó lórí òkè. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà. Mẹkáníìkì àti ọmọ iṣẹ́ méjì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò láìní ẹ̀rọ agbẹ́rù kankan. Sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó bá jẹ, wọ́n lè yọ ọ́ láìfọwọ́ kan ìyókù.

Píjò, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá

Bí ìjàpá bá jẹ́ mọ́tò tíṣà, Píjò 504 ni mọ́tò èrò. Ní 1968 ló jáde ní Faransé pẹ̀lú ẹ́ńjìnì 1796 cc. Ní 1970 wọ́n sọ ọ́ di 1971 cc. Bí wọ́n ṣe ṣe é rọrùn débi pé ẹni tó bá ní rúlà lè ṣírò rẹ̀: ìrìn písítìnì dúró lórí mìlímítà 81, ojú sílíńdà ló kúrò lórí 84 bọ́ sí 88. Ní 1975, 504 kan náà gba ipò kìíní ní Safari.

Ohun tí mẹkáníìkì wa fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé sílíńdà rẹ̀ jẹ́ àgbá irin tí wọ́n lè fà yọ. Bí ẹ́ńjìnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì, tí èéfín aláwọ̀ búlúù ń tú lẹ́yìn, kò di dandan kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ ní ìlú ńlá kí wọ́n lọ fẹ ojú rẹ̀. Wọ́n á fa ti àtijọ́ yọ, wọ́n á ki tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú písítìnì àti ríìngì. Ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ ti ń lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó ṣe fúríídọ́ọ̀mù. Kò sí ìwé. Ọ̀gá á fi orí sukurúdíráfà kan ara ẹ́ńjìnì, á fi etí ti ìdí rẹ̀, á sì sọ fún ọ pé fáàfù kejì ló ń dún.

Àwọn ọ̀gá yìí náà ń fi kún agbára. Wọ́n á há orí sílíńdà kó lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i, wọ́n á fẹ ihò jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ kí epo lè wọlé dáadáa. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Bí wọ́n bá há orí jù, epo á gbaná kí àsìkò rẹ̀ tó pé, ẹ́ńjìnì á máa kanlẹ̀ gbàù-gbàù, písítìnì á sì jó. Bí wọ́n bá fi agbára kún ẹ́ńjìnì tí wọn kò fi kún bírèèkì, òkè tí mọ́tò fi ìgbéraga gùn, ó di dandan kó sọ̀ ọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Tòkunbọ̀ àti àpótí tí wọ́n tì

Ní 1986, ètò SAP dé, náírà ṣubú, mọ́tò tuntun sì kúrò ní ìwọ̀n tíṣà. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun wá di orúkọ mọ́tò àlòkù: tòkunbọ̀. Ẹ́ńjìnì náà di tòkunbọ̀. Láti ọjà Ládípọ̀ ní Èkó àti Gate ní Ìbàdàn, odidi ẹ́ńjìnì ni wọ́n ń rà wálé. Títún un ṣe wá di pípààrọ̀. Ẹni tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò bá lágbára tó, á ra èyí tó tóbi jù ú, wẹ́dà á sì gé, á jó ibi tí wọ́n máa gbé e kọ́.

Ìyípadà tó tóbi jù kò ní ariwo. Kábúrétọ̀ lọ, kọ̀ǹpútà kékeré tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì ló ń pín epo báyìí. Ní 1996, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ni Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo mọ́tò tuntun ní ojú ìsọ̀rọ̀ kan náà tí sikánà lè fi bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀. Nígbà tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ di tòkunbọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, etí ọ̀gá kò tó mọ́. Ẹ́ńjìnì tí gbogbo ènìyàn lè tú ti di ti ẹni tó ní sikánà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń dá ọmọ iṣẹ́ dúró nítorí iṣẹ́ kò wọlé, ìmọ̀ tí wọ́n fi ogójì ọdún kó jọ sì ń bá wọn dàgbà.

Ọ̀rọ̀ kàn wá

Ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Kí oṣù Keje tó parí, lítà kan bẹntiróòlù tó wà ní nǹkan bíi ₦185 ti di ₦617. Ẹ̀yin tó ń wọkọ̀ láàárín Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí àpò yín. Ìjọba wá ń rọ àwọn onímọ́tò pé kí wọ́n yí ẹ́ńjìnì padà kó lè lo gáàsì CNG. Ẹ̀ka tuntun nínú ìtàn títún ẹ́ńjìnì ṣe ni, ìbéèrè àtijọ́ sì tún dìde.

Gáàsì ń gba àyè lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ nínú sílíńdà, nítorí náà ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù tí wọ́n yí padà máa ń pàdánù bí ìdá mẹ́wàá agbára rẹ̀. Ẹni tó ń gun òkè wa á mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n gáàsì ń fara da ìfúnpọ̀ ju bẹntiróòlù lọ dáadáa. Híhá orí sílíńdà tó máa ń jó písítìnì láyé Píjò lè wúlò nídìí gáàsì, bí ẹni tó mọ ìṣirò bá wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ewu ń bẹ. Lóṣù Kẹwàá 2024, àgbá gáàsì mọ́tò kan bú gbàmù níbi tí wọ́n ti ń bu gáàsì ní ìlú Benin. Àwọn aláṣẹ sọ pé àgbá tí wọ́n jó lẹ́lẹ́ẹ̀tì, tí kò yẹ fún CNG, ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, gba ìjàpá kan, ó fi pánẹ́ẹ̀lì oòrùn sórí rẹ̀ àti ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí sábẹ́ bọnẹ́ẹ̀tì, ó sì ń wà á láìlo epo. Ìjàpá ló mú, mọ́tò tí ọwọ́ ń tó gbogbo ara rẹ̀.

Láti 2011 ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà láàárín wa, ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Sikánà wà lọ́wọ́ wa, ìṣirò wà lórí wa. Etí wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ibi tí a ti ń ka ìwé. Kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àkànṣe ọdún ìkẹyìn lọ jókòó tì wọ́n, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ fáàfù tó ń dún, kó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kó sì fi sikánà hàn wọ́n bí wọ́n bá fẹ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí bàbá yín ní ìjàpá tàbí tó fi Píjò kó èrò, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó máa ń bá wọn tú ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìdílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá yẹn ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún.