Hakeem Olajuwon: Ọjà Tí Wọn Ò Tà

Bí ẹ bá gba Rowe Park ní Yaba kọjá nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá básíkẹ́tì. Èkó yìí kan náà ni Hakeem Olajuwon ti bẹ̀rẹ̀. Handball ló ń gbá tẹ́lẹ̀, kó tó gbá básíkẹ́tì mú nígbà tó tó ọmọ ọdún 15. Ní 1984, òun ni Houston Rockets kọ́kọ́ mú nínú draft NBA, kí ẹnikẹ́ni tó mú Michael Jordan.

Ṣùgbọ́n ìtàn bí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù rẹ̀ ni tòní.

Ní oṣù kẹta 1992, Hakeem ní iṣan itan ń dun òun. Àwọn ọ̀gá Rockets ní irọ́ ni, pé owó ló ń wá. Wọ́n dá a dúró. Inú bí i, ó ní kí wọ́n fi òun ṣe pàṣípààrọ̀, kí òun máa lọ.

Ní NBA, wọn kì í sábà fi owó ra ìràwọ̀ bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Èèyàn ni wọ́n fi ń gba èèyàn, tàbí àǹfààní láti mú ọ̀dọ́ nínú draft. Tẹ́ ẹ bá ti ná ọjà rí ní Tẹ́júoṣó, ẹ mọ èyí tó kù: bí oníbàárà bá ti mọ̀ pé dandan ni kó o tà, iye tó wù ú ló máa pè. Ẹgbẹ́ tó ń bá ìràwọ̀ rẹ̀ jà kò ní agbára kankan nídìí ìdúnàádúrà.

Rockets ò tà á. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Japan. Charlie Thomas, tó ni ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, jókòó ti Hakeem. Wọ́n sọ̀rọ̀, ìjà sì parí. Ní 1993, wọ́n fi kún àdéhùn rẹ̀.

Ní 1994, Rockets gba ife. Ní February 14, 1995, wọ́n fún Portland ní Otis Thorpe àti àǹfààní draft kan, wọ́n sì gba Clyde Drexler, tó bá Hakeem gbá ní yunifásítì. Wọ́n tún gba ife. Pàṣípààrọ̀ yẹn wúlò nítorí pé Hakeem ṣì wà níbẹ̀.

Ní 2001, nígbà tó di ọmọ ọdún 38, wọ́n wá jẹ́ kó lọ sí Toronto. Àǹfààní draft méjì péré ni wọ́n gbà.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ká ní inú bíbí ló tà á ní 1992 ńkọ́? Ó dìgbà o.