Odídẹrẹ́: oúnjẹ àti ìwà rẹ̀ nínú ilé

Odídẹrẹ́ (Psittacus erithacus), tí a tún ń pè ní ayékòótọ́, jẹ́ ẹyẹ aláwọ̀ eérú onírù pupa. Igbó kìjikìji àti igbó etí òkun, irú èyí tó wà ní Ìlàjẹ, bá a lára mu. Ẹyìn ni ààyò rẹ̀: á fi ẹsẹ̀ kan gbá a mú, á máa fi àgógó bó o jẹ. Bí ẹ̀pà àti àgbàdo nìkan ni a fi ń bọ́ ọ, kálísíọ̀mù àti fítámì A kò ní tó o. Àìtó kálísíọ̀mù a sì máa fa gìrì. Májèlé ni píà jẹ́ fún un. Bó bá ń tu ìyẹ́ àyà ara rẹ̀, ẹ má pè é ní àsàsí: àìsàn tàbí ìdánìkanwà ló sábà máa ń fà á, nítorí ẹyẹ alágbo ni. Bó bá sì ń lọ àgógó mọ́ra lálẹ́, oorun ló ń kùn ún. Láti 2017 ni àdéhùn CITES ti ka fífi èyí tí wọ́n mú nínú igbó ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀.