Ìtàn Èkó ní Àwọn Ọ̀nà Kọ̀rọ̀

Bí àlejò bá dé sí Èkó, tí ó sì ní kí a mú òun rí ìlú, ibi tí a máa ń mú un lọ kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ: etí omi ní Marina, títì Broad, Ìta Tinúbú, àti bóyá Ìga Ìdúngànràn bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú. Àlejò náà yóò wo àwọn ilé gogoro, yóò ya àwòrán, yóò sì gbà pé òun ti rí Èkó. Àwa ọmọ ìlú pàápàá ńkọ́? Àti àwa tí a wà nílé, àti àwọn ará wa tí ó wà ní Sùúrùlérè, ní Kàdúná, ní Lọ́ńdọ̀n tàbí ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ ju àwọn ọ̀nà wọ̀nyí lọ, àfi ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó lọ sí ojúlé bàbá wa.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé àwọn ènìyàn wa ni pé àwọn títì ńlá kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí ó dára fún ìtàn ìlú. Ìjọba ni ó là wọ́n, ìjọba ni ó sọ wọ́n lórúkọ, ìjọba náà ni ó sì ń yí orúkọ wọn padà nígbà tí ó bá wù ú. Títì tí a fi sọrí Victoria, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ti di títì Nnamdi Azikiwe. Títì Broad di títì Yakubu Gowon fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún padà di Broad. Marina ni gbogbo ayé ń pe etí omi náà, ṣùgbọ́n Ẹ̀yìn Ìgbẹ́tì ni àwọn baba wa ń pè é. Ọ̀nà tóóró tí ó yà lára títì, tí ọkọ̀ kò lè gbà, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn ará àdúgbò ni ó là á, ẹnu wọn ni ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Níbẹ̀ ni a ti lè mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé, ibi tí ó ti wá, àti ẹni tí ó fún un ní ilẹ̀ tí ó kọ́lé sí.

Ọ̀nà kan ni mo mọ̀ tí a fi lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀: kí ènìyàn máa rìn láìní ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí a rán níṣẹ́ kì í wo ọ̀tún, kì í wo òsì. Ibi tí yóò jíṣẹ́ dé ni ojú rẹ̀ wà. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ó dára jù, nígbà tí àwọn oníṣòwò Balógun àti Ìdúmọ̀tà bá ti palẹ̀ ọjà mọ́. Kí onítọ̀hún fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó wọ bàtà tí ó rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, kí ó sì máa yà sí ibi tí ọ̀nà bá ti ṣóró jù lọ. Kò yẹ kí ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa kí ènìyàn. Ẹni tí ó bá kọjá níwájú àwọn àgbà Èkó tí wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn láìkí wọn, èébú nìkan ni yóò gbọ́, kò ní gbọ́ ìtàn.

Ohun àkọ́kọ́ tí yóò hàn sí i ni pé àwọn ọ̀nà náà kì í lọ tààrà. Wọn a ṣẹ́ sí ọ̀tún, wọn a tún ṣẹ́ sí òsì, nígbà mìíràn wọn a sì parí sí àgbàlá ilé kan níbi tí àwọn ìyá ti ń fọ aṣọ. Ọ̀pọ̀ àwọn Òyìnbó tí ó kọ ìwé nípa Èkó láyé àtijọ́ pe èyí ní ìwà àìlétò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Agboolé ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ọ̀nà ni ó tẹ̀lé e. Àwọn ènìyàn ń rìn yí ògiri ara wọn ká, ibi tí ilẹ̀ ìdílé kan parí sí, tí ti èkejì bẹ̀rẹ̀, ni ẹsẹ̀ ń gbà. Nítorí náà, bí ọ̀nà bá ṣẹ́ kọ́rọ́ láìnídìí, kí ó dá ọ lójú pé ògiri ìdílé kan ti wà níbẹ̀ rí, bí ògiri náà tilẹ̀ ti wó tipẹ́.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, orúkọ àwọn àdúgbò fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn: Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò, Ìdúnṣàgbè, Ìdúntáfà. Ní èdè Ìbíní, àdúgbò ni idumwun, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ìtàn sì gbà pé láti ibẹ̀ ni àwọn orúkọ wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá. Ìga Ìdúngànràn pàápàá, oko ata ni ibẹ̀ kí ó tó di ààfin, ata Arómirẹ́, ọmọ Ọlọ́fin. Àjọṣe Èkó pẹ̀lú Ìbíní, àti ẹ̀tọ́ àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun lórí ilẹ̀, tí àwọn adájọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn lé lórí, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ kékeré tí ó bá sọ pé òun ń gbé ní Ìdúmàgbò. Kò jìnnà sí Ìga ni Ẹnu-Ọ̀wá wà, níbi tí a ti ń fi Ọba Èkó jẹ. Ọ̀nà kékeré ni. Ẹni tí ó bá ń wá ibi ńlá yóò kọjá rẹ̀ láìmọ̀. Títì kan tún wà ní agbègbè náà tí ó ń jẹ́ Docemo. Ọba Dòsùmú ni, bí àwọn Òyìnbó ti kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé tí wọ́n fi gba ilẹ̀ Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861. Wọ́n gba ilẹ̀, wọn kò sì lè pe orúkọ onílẹ̀ dáadáa.

Ní ìhà Olówógbowó, níbi tí àwọn Sàró tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n ti Freetown dé, àwọn ará ìlú san ẹ̀san díẹ̀ fún àwọn Òyìnbó. William McCoskry, tí ó ṣe adelé Gómìnà ní 1861, irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, àwọn ènìyàn sì pè é ní Apọ́ngbọ̀n. Àwọn Gómìnà mìíràn fi òkúta àti irin kọ orúkọ ara wọn sílẹ̀, a sì ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Orúkọ McCoskry fúnra rẹ̀ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo àgbèrò títí di òní.

Bí ènìyàn bá ti ibẹ̀ máa bọ̀ ní ìlà oòrùn, tí ó sì ya títì Martins, yóò rí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Ẹ jẹ́ kí a dúró níwájú rẹ̀ díẹ̀. Mohammed Shitta, ẹni tí ó kọ́ ọ, ilẹ̀ Sàró ni a ti bí i. João Baptista da Costa, ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ tí ó sì darí iṣẹ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé ni. Oyè Bey tí ó wà lára orúkọ náà, ọ̀dọ̀ Súlútáànì ilẹ̀ Tọ́kì ni ó ti wá. Ilé kan ṣoṣo nìyẹn, ní títì tí kò gùn rárá.

Láti ibẹ̀ ni a óò ti wọ Pópó Àgùdà, ibi tí ó wù mí jù lọ ní gbogbo erékùṣù náà. Ní ìkànìyàn ọdún 1881, nínú nǹkan bí 37,000 ènìyàn tí ó wà ní Èkó, àwọn tí ó ti Brazil padà bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000. Àwọn ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn, tí a kó lẹ́rú lọ, tàbí tí a bí sí oko ẹrú, tí wọ́n fi owó ara wọn ra òmìnira tí wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi padà wálé. Èkó fún wọn ní ilẹ̀. Ẹ wo orúkọ àwọn ọ̀nà wọn: Bámgbóṣé, Campos, Tòkunbọ̀. Orúkọ Yorùbá àti orúkọ Potogí jọ ń gbé pọ̀ láìjà. Ẹni tí ó bá ní òun kò mọ ìtumọ̀ Tòkunbọ̀ nínú wọn, kí ó tún orúkọ náà pè.

Bíríkìlà àti káfíńtà tí ọwọ́ wọn dá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ sì dá yàtọ̀: fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, òdòdó tí a fi símẹ́ńtì ya sára ògiri, ọ̀ọ̀dẹ̀ gbọọrọ tí ó la ilé já. Ní títì Kakawa ni João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kó lọ sí Brazil ní kékeré, kọ́ ilé rẹ̀ sí ní nǹkan bí 1885. Ó gbẹ́ kànga sínú rẹ̀, ìdílé náà sì ń ta omi fún ará ìlú nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé Èkó. Nítorí èyí ni a ṣe ń pè é ní Ilé Omi. Antonio Olinto, ọmọ Brazil, fi ilé yìí ṣe ìpìlẹ̀ ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀ tí ó jáde ní 1969, A Casa da Água. Ó jẹ́ ohun ìyanu fún mi pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé ní Brazil mọ ilé náà, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń jẹun ọ̀sán ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ìrìn náà bá bọ́ sí àsìkò Ọdún Àjíǹde, olùrìn lè bá ijó Fánti àti Káréta pàdé ní Campos, bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ikú Jésù, òórùn fréjọ̀n, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, yóò máa ti ilé kan dé èkejì.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kò jìnnà sí ibẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé àdúgbò kan lásán ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ogun lé jáde tí wọ́n sì padà wálé ni ó dá a sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di 1862. Nígbà tí wọ́n padà, Kòsọ́kọ́ tẹ̀dó sí Ẹrẹ́kọ. Balógun rẹ̀, Òṣòdì Tápà, ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Tápà, gba ilẹ̀ fún àwọn tirẹ̀, ó sì pín in sí agboolé 21. Àwọn ènìyàn Ẹ̀pẹ́ tẹ̀dó: orúkọ náà kò fara pamọ́. Òṣòdì kú ní 1868, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ilẹ̀ náà kò kú. Ní 1930 ó dé iwájú ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀n, níbi tí àwọn adájọ́ tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Èkó rí ti ń wádìí ohun tí olórí ìdílé ní àti ohun tí àwọn tí ń gbé inú agboolé ní. Nínú àwọn ọ̀nà tóóró yìí kan náà ni M. K. O. Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní Ààrẹ Nàìjíríà ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 1994. Gbàgede ńlá pọ̀ ní Èkó, àwọn ṣọ́jà sì mọ gbogbo wọn.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ ohun tí ó ń dùn mí. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ń dín kù. Lẹ́yìn àrùn eku tí ó jà ní 1924, ìjọba dá ìgbìmọ̀ L.E.D.B. sílẹ̀ ní 1928, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Oko Awó. Láti 1955 wọ́n tún dojú kọ nǹkan bí éékà 70 ní àárín gbùngbùn erékùṣù náà, wọ́n sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀ ní 1961, rí i pé ilé tuntun náà dára, ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń tajà lójúlé pàdánù oníbàárà rẹ̀, àwọn ẹbí tí ó ń jẹun pọ̀ lójoojúmọ́ sì di ẹni tí ń wọ ọkọ̀ kí wọ́n tó rí ara wọn. Ilé Fernandez ní Ìta Tinúbú, tí a tún ń pè ní Ilọ́jọ̀, tí a ti kọ́ láti 1855, tí ìjọba sì fi sí ara ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, a wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016.

Èmi kò sọ pé kí a má wó ilé. Ní oṣù kẹta 2019, ilé kan tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, ọ̀pọ̀ ọmọdé sì bá a lọ. Ògiri tí ó lè pa ọmọ kò yẹ ní ohun tí à ń fi ìtàn dá dúró. Ṣùgbọ́n a lè wó ilé kí orúkọ rẹ̀ má bàa bá a lọ. Èyí tí ó burú ni pé nígbà tí agboolé bá di ilé ìtajà alájà mẹ́fà, ọ̀nà tí ó yí i ká a di pípa, orúkọ ọ̀nà náà a sì kú pẹ̀lú àgbà tí ó mọ̀ ọ́n kẹ́yìn. Bí ẹjọ́ bá dé, bóyá lórí ilẹ̀, bóyá lórí oyè, kò ní sí ẹni tí yóò jẹ́rìí.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wálé fún ọdún Kérésì tàbí Iléyá, bí ẹ bá ti kí ẹbí tán, ẹ ya òwúrọ̀ kan sọ́tọ̀, kí ẹ mú ìwé kékeré àti lẹ́ẹ̀dì dání, kí ẹ sì mú ọmọ yín kan lọ́wọ́. Ojúlé tí a ti bí bàbá yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́, kí ẹ kí àgbà tí ẹ bá bá níbẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ohun méjì: kí ni à ń pe ibí yìí kí ìjọba tó kan pátákó mọ́ ọn, ta ni ó sì fún àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀ ní ilẹ̀? Olóòtú ìwé yìí yóò gba ohunkóhun tí ẹ bá kọ, ó dára o, kò dára o, yóò sì fi í pamọ́.